Owó Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ilé Lórúkọ

 

Nígbà tí àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí gbọ̀ngàn básíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí yunifásítì kan kọ́, mo bi wọ́n pé yunifásítì wo. Wọ́n ní èyí tó bá wù mí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mú Yunifásítì Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọmọ wa kan wà lókè àjà ilé náà. Ẹ má jáyà. Ó wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Jẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni kí á máa pe eré náà. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n básíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń pè é ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe pè é níbí.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ni wọ́n ṣí ilé náà. Yunifásítì Oregon ni wọ́n pè wá bá wọn ṣeré, Houston sì na àlejò rẹ̀ ní 65 sí 61. Mílíọ̀nù 60 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Ènìyàn 7,100 ló ń gbà. Orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni Fertitta Center. Bí ẹ bá wọlé, tí ẹ wo ilẹ̀ pákó tí wọ́n ti ń ṣeré, orúkọ mìíràn ló wà níbẹ̀: Guy V. Lewis. Bí ẹ bá wá gbójú sókè, ẹ ó rí àwọn eléré pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀: Elvin Hayes, 44; Clyde Drexler, 22; Hakeem Ọlájùwọ́n, 34; àti àwọn mìíràn. Ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nílẹ̀, àwọn yòókù lájà. Owó ló ra ti ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ ló ra ti ilẹ̀. Àwọn tó wà lájà, ara ni wọ́n fi rà á, oríkèé orúnkún àti ẹ̀yìn tó ń dun ènìyàn tí ó bá dàgbà. Ohun tí mo bá wá kò ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí n máa tú u díẹ̀díẹ̀, torí ìtàn inú rẹ̀ dùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá Òyìnbó lẹ́bi pé wọ́n ń ta orúkọ, ẹ rántí ohun tí à ń ṣe níjọ́ ìkómọ. A ó gbé àwo omi kalẹ̀. Ìyá bàbá ọmọ á ju owó sínú omi, á ní òun pe ọmọ òun ní Àyìnlá. Ìyá ìyá rẹ̀ á ju tirẹ̀, á ní òun pè é ní Akínlabí. Àbúrò bàbá kan tí ẹnikẹ́ni kò retí pé ó ní owó lọ́wọ́ á yọ sí iwájú, á sọ orúkọ kẹta. Ẹni tí kò bá fi nǹkan kan sínú àwo, ẹnu lásán ló fi dárúkọ. Àwa náà mọ̀ pé orúkọ kì í lọ lófo. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ni yóò jẹ́ gbogbo orúkọ yẹn pọ̀. Kò sí ìyá àgbà tí yóò dìde lọ́la pé owó òun ló pọ̀ jù nínú omi, kí wọ́n pa Akínlabí rẹ́. Ilé tí wọ́n kọ́ fún eré kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ló ní, àkọlé kan péré ló gbà. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ fi máa ń di kóòtù.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn, sí ìgbà tí wọn kò tilẹ̀ nílé.

1927 ni wọ́n dá Yunifásítì Houston sílẹ̀. Guy V. Lewis di kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì wọn ní 1956, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà títí di 1986. Ó jẹ́ ẹni tí kì í fi táwẹ́ẹ̀lì pupa oní-tótòtó funfun sílẹ̀ lọ́wọ́. Bí eré bá le, á máa fún un bí ẹni tó ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ní 1964, ó mú ọmọkùnrin méjì wá láti Louisiana, Elvin Hayes àti Don Chaney, àwọn ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilé-ìwé náà. Ẹ má gbàgbé irú ìpínlẹ̀ tí Texas jẹ́ fún adúláwọ̀ nígbà yẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbá bọ́ọ̀lù débi pé orúkọ Houston kan gbogbo orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ gbọ̀ngàn onígbọ̀ngàn ni wọ́n ń yá lò.

Lewis wá ní èrò kan tó jọ ti wèrè. Ó ní kí àwọn gbé eré lọ sínú Astrodome.

Pápá béèsìbọ́ọ̀lù ni Astrodome, tí wọ́n fi òrùlé bo gbogbo rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 1965. Ẹni tí ọ̀rọ̀ pápá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Roy Hofheinz, tí ó ti ṣe olórí ìlú Houston láti 1953 sí 1955. Adájọ́ ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí ipò tó ti dì mú ní káúńtì nígbà èwe rẹ̀. Ọkùnrin yìí kọ́ ilé ìgbé fún ara rẹ̀ sínú pápá náà. Ẹ gbọ́ ná: inú pápá bọ́ọ̀lù ló ń sùn.

Ọjọ́ ogún oṣù Kìíní, 1968, ni Houston bá UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, pàdé níbẹ̀. UCLA ti borí nígbà 47 léraléra. Astrodome kò ní ilẹ̀ pákó tí wọ́n fi ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá lọ yá ti gbọ̀ngàn kan ní Los Angeles, tí wọ́n ń pè ní Sports Arena. Wọ́n tú u wẹ́wẹ́, wọ́n kó o wá sí Texas, wọ́n tò ó sáàárín pápá gbàràmù gbaramu yẹn. Ènìyàn 52,693 ló wá wòran. Àwọn tó jókòó lókè pátápátá, ohun tí wọ́n rí kò lè ju èèrùn mẹ́wàá tó ń sáré lórí tábìlì lọ. Tẹlifíṣàn gbé eré náà káàkiri Amẹ́ríkà lálẹ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí fún eré ọmọ yunifásítì láàárín sáà. Hayes nìkan jẹ 39. Àmì-ayò di 69 sí 69, ó sì kù bí ìṣẹ́jú àáyá 28, ni Hayes bá dúró síwájú àwọ̀n, ó ju méjì wọlé. Houston 71, UCLA 69.

Ẹni tó ga jù lọ ní UCLA, Lew Alcindor, tí ẹ mọ̀ sí Kareem Abdul-Jabbar lónìí, ojú ń dùn ún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ha á lójú lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, wọ́n tún pàdé, ojú sì ti san. UCLA fi 101 sí 69 na wọ́n. Ibo ni wọ́n ti ṣe é? Los Angeles Sports Arena, ilé tí wọ́n ti lọ yá ilẹ̀ pákó. Pákó náà mọ onílé rẹ̀.

Ẹni tí ó rí 52,693 ènìyàn tí wọ́n wá wo ilé-ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ àyálò, kò ní pẹ́ kí ó tó wá ibi tí yóò kọ́ ilé sí. Ní 1969, gbọ̀ngàn Yunifásítì Houston dúró. Hofheinz Pavilion ni wọ́n sọ ọ́. Adájọ́ náà ló ju owó sínú àwo omi: mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là, ní orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ àárín ilé náà wọ inú ilẹ̀, débi pé bí ènìyàn bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, òkè ló wà, tí yóò máa wo pápá nísàlẹ̀ bí ẹni tó dúró létí kòtò. Nígbà tí ẹgbẹ́ Rockets, àwọn tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun, kó dé láti San Diego ní 1971, ilé yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ibùdó títí wọ́n fi ní tiwọn.

Nígbà tó di 1980, ọmọ Èkó kan, Ọlájùwọ́n, sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù.

Ọjọ́ 21 oṣù Kìíní, 1963, ni wọ́n bí i. Sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀, Sàlímù àti Abíkẹ́, ń tà. Ní Muslim Teachers' College, háńdíbọ́ọ̀lù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tirẹ̀. Ó ti di géńdé kí ó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì, eré náà kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi rìnrìn àjò. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ọjọ́ tó dé ni pé kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Takisí ló wọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Mo máa ń ronú sí ìyẹn. Ọmọ tí jẹ́sì rẹ̀ wà lájà lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló san owó ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Lewis kò jẹ́ kí ó ṣeré lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà ooru, ó ń lọ sí gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ kan nínú ìlú tí wọ́n ń pè ní Fonde, níbi tí Moses Malone, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, ti ń gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n tí kò mọ̀ pé àbúrò lè sunkún. Níbẹ̀ ló ti kọ́ agbára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí ẹni tó kọ́ ọ níbẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti háńdíbọ́ọ̀lù ní Èkó ló ti kó o wá. Ọkùnrin gíga tó ń yí bí àgbá òkòtó! Nígbà tó yá, àwọn akọ̀ròyìn fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ kan, Phi Slama Jama, bí ẹni tí ń fi àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi lẹ́tà Gíríìkì dá ara wọn mọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Eré wọn kò ju kí wọ́n fò, kí wọ́n sì fi ọwọ́ gún bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n látòkè. Hofheinz ń mì tìtì.

Orúkọ Ọlájùwọ́n ńkọ́? Akeem ni wọ́n ń kọ ní gbogbo ìgbà yẹn, láìsí H níwájú. Kí á má dá Amẹ́ríkà nìkan lẹ́bi: nínú gbọ̀ngàn yìí, mélòó nínú wa ló ń pe H yẹn bó ṣe yẹ? Ní 1991, tí ó ti pẹ́ ní Rockets, ó sọ fún wọn pé Hakeem ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Kò ná an ní sísì kan. Gbogbo ìwé ìròyìn yí i padà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 1983, torí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ilé lè ṣe fún eré, ibẹ̀ ni kó lọ. Houston lọ sí àṣekágbá ìdíje yunifásítì gbogbo Amẹ́ríkà, ní Albuquerque, nínú gbọ̀ngàn Yunifásítì New Mexico tí wọ́n ń pè ní The Pit, ìyẹn kòtò. 1966 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n kọ́kọ́ gbé òrùlé dúró, wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni gbẹ́ kànga, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 37. Ìlú náà fúnra rẹ̀ wà lórí òkè gíga tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Àlejò tí ó bá sáré á máa wá èémí. Houston ti pa Louisville ní 94 sí 81 ní ọjọ́ Sátidé. Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, North Carolina State ni wọ́n bá pàdé, gbogbo ayé sì ti fún Houston ní ife. Wọ́n wà níwájú ní 52 sí 46. Lewis ní kí wọ́n fa ẹsẹ̀ eré. Ẹsẹ̀ eré wá ń fa àwọn náà. Ó di 52 sí 52. Ní ìparí, ọmọ North Carolina State kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò tilẹ̀ dé àwọ̀n. Lorenzo Charles gbà á lófuurufú, ó tì í wọlé, agogo dún. 54 sí 52.

Ọlájùwọ́n jẹ 20, ó gba bọ́ọ̀lù 18 tó ń padà bọ̀ láti ara irin. Òun ni wọ́n fi ṣe eléré tó ta yọ jù nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n nà. Láti ọjọ́ náà, kò tíì sí ẹlòmíràn láti ẹgbẹ́ tó pàdánù tí wọ́n fún ní oyè yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dé àṣekágbá, Georgetown fi 84 sí 75 lù wọ́n. Ó lọ sí Rockets gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní 1984, ó sì gba ife fún wọn ní 1994 àti 1995. Lewis dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin ìkẹyìn nígbà márùn-ún, kò gba ife rí. Ó di 2013, tí ọjọ́ ogbó ti dé bá a, kí wọ́n tó gbé e wọ Gbọ̀ngàn Akọni. Ó kú ní 2015. Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ní orúkọ ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n rà lọ́jà?

Lẹ́yìn tí Ọlájùwọ́n jáde, ilé tutù. Yunifásítì Houston kò borí eré kan ṣoṣo mọ́ nínú ìdíje ńlá yẹn, láti 1984 títí di 2018. Ẹ kà á. Ọdún 34 ni. Nọ́ńbà jẹ́sì rẹ̀ gan-an. Èmi kì í ṣe babaláwo, n kò ní túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kóòṣì Kelvin Sampson ló dé ní 2014, ọmọ ẹ̀yà Lumbee, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní North Carolina. Ó bá ilé tí ìjókòó rẹ̀ lé ní 8,000, tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n wá pinnu láti tú inú ilé náà palẹ̀, kí wọ́n sì tún un tò. Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò ti máa ṣeré? Wọ́n kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò, Yunifásítì Texas Southern. Fún ẹni tí kò mọ ìtàn, ọ̀rọ̀ yìí kò jọ nǹkankan. 1947 ni ìpínlẹ̀ Texas dá Texas Southern sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀, kí wọ́n má bàa wọ ilé-ìwé àwọn funfun. Ní 1968, Houston lọ yá ilẹ̀ ní Los Angeles. Ní 2017, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti tì síta ni wọ́n lọ yá ilé. Wọ́n lo sáà eré kan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì nà wọ́n nínú ilé àyálò náà. Mo gbà pé ilé kékeré tó kún ló kọ́ wọn ní ohun tí wọn kò gbàgbé.

Nítorí pé nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n ti dín in kù. 7,100 péré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nílùú wa, ẹ ó mọ̀ pé ìyẹn gba ìgboyà. Ta ni gómìnà tí yóò gé téépù lórí ilé tí ó kéré ju èyí tó wà tẹ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n básíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Pápá rẹ̀ kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 94 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. Ẹni tó bá jókòó níwájú ń gbọ́ bí bàtà ṣe ń han lórí pákó, ó ń gbọ́ èébú tí kóòṣì ń sọ. Bí ìjókòó bá sún mọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró ti pápá, tí òrùlé sì ń dá ariwo padà, àlejò tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ìjókòó tó ṣófo kì í pariwo. Ó tún máa ń hàn lórí tẹlifíṣàn, bí eyín tó ká. Àwọn olówó sì ní ibi ìjókòó tiwọn tó ń mú owó gidi wọlé, tó fi jẹ́ pé ilé kékeré lè pa ju ilé ńlá lọ. Ẹ lọ wo pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè tó wà ní Surulere, tí wọ́n kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973, kí ẹ wá bi mí ìdí tí mo fi ń yin ilé kékeré.

Ó ṣiṣẹ́. Tí a bá ka ti ilé aládùúgbò mọ́ ti ilé tuntun, eré 33 ni wọ́n borí léraléra nílé, kí Yunifásítì Central Florida tó dá a dúró ní oṣù Kẹta 2019. Wọ́n dé ìpele mẹ́rin ìkẹyìn ní 2021. Ní 2025, wọ́n dé àṣekágbá ní San Antonio, Florida fi 65 sí 63 nà wọ́n. Àmì-ayò méjì, bíi ti 1983. Mo ní n kò ní túmọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Tilman Fertitta, oníṣòwò ilé oúnjẹ, ọmọ Galveston, ló san mílíọ̀nù 20 dọ́là. Òun kan náà ni alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso yunifásítì náà nígbà yẹn, ní 2017 ó sì ra Rockets, ẹgbẹ́ Ọlájùwọ́n, ní bílíọ̀nù méjì dọ́là àti díẹ̀. Àwọn ọmọ Hofheinz kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2016 wọ́n gba kóòtù lọ: àdéhùn bàbá àwọn ni pé orúkọ náà kò ní kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, wọ́n fẹnu kò láàárín ara wọn, àkọlé sì yí padà. N kò rí ẹni tí mo lè bínú sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnìkan bá fi owó rẹ̀ kọ́ ilé, tí ilé sì di ẹgẹrẹmìtì lẹ́yìn ọdún 49, ṣé orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò gbọdọ̀ gbó? Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá ṣèlérí fún òkú, ta ni ó fún alààyè láṣẹ láti ta á?

Iye owó náà ló ń yà mí lẹ́nu. 1969, mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Fertitta, mílíọ̀nù 20. Ní Austin, ní Yunifásítì Texas, tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tiwọn ní 2022, Moody Foundation san mílíọ̀nù 130 kí ó lè máa jẹ́ Moody Center. Èyí tí wọ́n wó kúrò ní Austin, Frank Erwin ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ti ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì rí. Kò ju ọdún 45 lọ kí ilé tirẹ̀ tó kógbá sílé. Àwa níbí, ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, tí ìjọba àpapọ̀ jí lójijì, tó ní Yunifásítì Èkó ti di Moshood Abiola University. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ bu iyì fún sì tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sí títì, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. UNILAG ni wọ́n ṣì ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù ni àjà. Láti 1969, ilé lè ta orúkọ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú rẹ̀ kò lè ta tiwọn. Nígbà náà, òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré yunifásítì, ni pé ọmọ ilé-ìwé tó bá gba sísì kan lórí orúkọ tàbí àwòrán ara rẹ̀ ti di ẹni ìtanù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ àti yàrá ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Hofheinz ń mì tìtì, tí ìwé ìwọlé ń tán, ọmọ oní-sìmẹ́ǹtì láti Èkó kò lè fi Akeem polówó gúgúrú. Ed O'Bannon, tó gbá bọ́ọ̀lù fún UCLA, ló gbé wọn lọ sí kóòtù ní 2009. Ní oṣù Kẹfà 2021, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ mìíràn lórí owó àwọn eléré, adájọ́ mẹ́sàn-án lódì sí NCAA, kò sí ẹnìkan tó yà. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n gbà pé eléré lè ta orúkọ rẹ̀. Láti oṣù Keje 2025, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lè san owó fún àwọn eléré rẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní ju mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Ó fi díẹ̀ ju owó ẹnu ọ̀nà Fertitta lọ.

Ṣé gbogbo ọmọ ló wọlé sínú àǹfààní yìí? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún físà, ẹ fetí sí mi. Ẹni tí ó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ dé Amẹ́ríkà, òfin kò fún un láyè láti ṣiṣẹ́ owó níta ọgbà bó ṣe wù ú. Kí ènìyàn dúró síwájú kámẹ́rà láti polówó bàtà, iṣẹ́ ni wọ́n lè kà á sí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń kìlọ̀ fún àwọn eléré tó wá láti òkè òkun pé kí wọ́n rọra. Àwọn kan ń dúró di ìgbà tí wọ́n bá padà sílé fún ìsinmi kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ọmọ Mushin kan bá wọ Fertitta Center lónìí, tí ó ga, tí ó mọ ẹsẹ̀ yí bí àgbá òkòtó, tí nọ́ńbà 34 sì wà lókè orí rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bí ní Houston lè ti fọwọ́ sí ìwé ilé bàtà kí ó tó jẹun àárọ̀. Tirẹ̀, ọ̀dọ̀ lọ́yà físà ni yóò kọ́kọ́ lọ jókòó, yóò máa bi í bóyá ó lè lo orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ju náírà méjì sínú omi fún.